Àpò Iyọ̀ Tí Wọ́n Fọwọ́ Òsì So

Ọkọ̀ Òkunúgà ń gúnlẹ̀ sí èbúté wa, iyọ̀ kún inú rẹ̀. Nígbà ogun, ọba fún un láṣẹ láti máa gba ọkọ̀ àwọn ọ̀tá lórí ọ̀sà, ó sì ti ibẹ̀ lówó. Ogun parí, kò jáwọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Mórádéyọ̀, tó ń ta iyọ̀, yẹ ẹnu àpò kan tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ náà wò.

"Ọ̀gá omi, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi so èyí. Bí àbúrò mi ṣe ń so ó nìyí. Ọjọ́ keje rèé tí a ti ń retí òun àti ọkọ̀ iyọ̀ rẹ̀."

"Mo rà á ni, ìyá."

"Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Àbúrò mi dà?"

Èrò ọjà ti yí Òkunúgà ká. Ó wolẹ̀.

"Ó wà láàyè. Ó wà lábúlé mi."

Ìyá wọ ọkọ̀, ọkùnrin mẹ́ta tẹ̀ lé e.

"Ó yá, ká lọ mú un wá."

Àwọn mẹ́jọ tó ń tukọ̀ fún Òkunúgà ti sá lọ. Ó mú àjẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tukọ̀ lọ.