Ẹni tó So Màrìwò sí Ẹnu Ọ̀nà Ara Rẹ̀

Àgbẹ̀ kan wà tí oko ọsàn rẹ̀ jìnnà sí títì. Ilẹ̀ náà dára, igi rẹ̀ sì ń so, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró kan ṣoṣo ni ó dé ibẹ̀. Orí ni òun àti aya rẹ̀ fi ń ru ọsàn jáde. Ohun tí wọ́n bá rù jáde kì í tó ohun tó ń jẹrà sábẹ́ igi. Bí ó ṣe ń rí lọ́dọọdún nìyẹn.

Àgbẹ̀ yìí pinnu láti la ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà wọ oko. Ìpinnu rere ni. Tirẹ̀ ni ilẹ̀ tí ọ̀nà náà yóò gbà, ṣùgbọ́n ó kọjá lẹ́bàá odò tí gbogbo abúlé ń pọn. Òfin àdúgbò wọn sì ni pé ẹni tó bá fẹ́ la ọ̀nà ọkọ̀ lẹ́bàá irú odò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹrẹ̀ àti epo ọkọ̀ má baà ba omi jẹ́.

Ó lọ sí ọ́fíìsì náà. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó kọ ohun tó sọ sílẹ̀, ó sì rán àwọn tó ń fi okùn wọn ilẹ̀ lọ wo ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n wò ó tán, ó ní, "Ẹ lọ fọkàn balẹ̀, Bàbá. A ó ránṣẹ́ sí yín."

Ọjọ́ ń lọ, ìránṣẹ́ kò dé. Òdòdó ọsàn ti rẹ̀, ọmọ ti yọ lórí igi, ó sì ń tóbi sí i. Àsìkò náà ni katakata kan wá sí abúlé kejì láti tẹ́ pápá ilé ìwé. Awakọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri pé ẹni tó bá ní iṣẹ́ kí ó tètè wí, nítorí òun kò ní pẹ́ lọ.

Aya àgbẹ̀ náà bi í pé, "Bàbá Mojíbadé, ṣé ìjọba ìbílẹ̀ ti fèsì?"

"Wọn yóò fèsì."

"Mi ò bi yín bóyá wọn yóò fèsì. Mo ní, ṣé wọ́n ti fèsì?"

"Bí wọ́n bá wá fèsì tí katakata ti lọ ńkọ́? Àbí ẹrù orí kò tíì sú ọ?"

Ẹrù orí ti sú obìnrin náà lóòótọ́.

Ọkùnrin náà mú katakata wọ oko. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀nà ti là, ó fẹ̀, ó sì tọ́ gbọọrọ láti títì dé ìdí ọsàn. Ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò bá a dé ọjọ́ kejì. Bí ó ṣe jí ni ẹ̀rù ti dé. Ó ní bí àwọn ará ọ́fíìsì bá rí i, wọn yóò ní kí òun kọ ebè padà sójú ọ̀nà náà, wọn yóò sì gbé òun lọ sí kóòtù.

Ohun tó wá ṣe ni mo fẹ́ kí o fiyè sí. Ó gun ọ̀pẹ, ó gé màrìwò, ó sì so ó gba ẹnu ọ̀nà náà já. Ìwọ náà mọ ohun tí màrìwò ń wí. Ibi tí wọ́n bá so ó sí, awo ń bẹ nínú rẹ̀, ẹni tí kì í ṣe ara wọn kò gbọdọ̀ kọjá. Ọkùnrin yìí kì í ṣe awo kankan. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń lọ. Ó kàn mú ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń bọ̀wọ̀ fún, ó fi bo àṣìṣe ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni.

Aya rẹ̀ bi í pé, "Orò wo ni ẹ̀ ń ṣe nínú oko ọsàn?"

"Orò tí kò kan obìnrin."

"Ó dára. Ẹ ó máa fúnra yín ru ọsàn orò náà nìyẹn."

Àgbẹ̀ rò pé ọjọ́ tí ọsàn bá gbó, tí ọkọ̀ bá dé, òun yóò tú u. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi gun alùpùpù dé láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Inú oko ni ilé àgbẹ̀ náà wà, ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ sì wà nínú koríko níbi tí àlejò kò lè mọ̀. Àgbẹ̀ gbọ́ ìró alùpùpù lókèèrè, ó sì nà gbalaja sínú koríko. Ìránṣẹ́ náà dúró níwájú màrìwò, ó wò ó títí, ó sì pe orúkọ àgbẹ̀ láti ibi tó wà. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó yí padà. Àgbẹ̀ dìde, ó gbọn ara nù, ó ní ọgbọ́n òun ti ṣiṣẹ́.

Nígbà tó yá, ìránṣẹ́ náà tún padà wá. Àgbẹ̀ tún sá. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀rù bà á ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní wọn kò ní máa wá òun báyìí bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan ti lọ fẹjọ́ sùn. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó fi ẹ̀sùn náà kan aládùúgbò rẹ̀ tó ní oko lódìkejì odò. Ọkùnrin yẹn kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, bí ó bá kí àgbẹ̀ yìí láàárọ̀, àgbẹ̀ kì í jẹ́ ẹ.

Ọsàn pọ́n. Kò lè tú màrìwò, nítorí ó ń bẹ̀rù pé ọjọ́ tí òun bá tú u gan-an ni ìránṣẹ́ yóò wọlé. Òun àti aya rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ru ọsàn gba inú koríko. Ọ̀nà ọkọ̀ tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sí ẹni tó ń rìn ín. Ọsàn ń já bọ́, eṣinṣin sì ń kùn lórí rẹ̀.

Nígbà tó rí i pé ọsàn ọdún náà fẹ́ ṣòfò pátápátá, ó ránṣẹ́ pe awakọ̀ akẹ́rù kan. Awakọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó tẹ bíréèkì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo rí lókè yẹn?"

"Má wò ó. Wọlé."

"Kí n wọ ibo?"

"Èmi ni mo so ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo so ó lásán ni."

Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Bí ẹ bá so ó lásán, ẹ tú u lásán kí n rí i. Ẹ sì sọ fún àwọn tó dúró yìí pé lásán ni. Mo ń kọ́ ilé lọ́wọ́, Ẹ̀gbọ́n. N kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi parí rẹ̀."

Lóòótọ́, àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ ti dúró, wọ́n ń wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Àgbẹ̀ na ọwọ́ sókè sí màrìwò, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ó bá tú u lójú wọn, gbogbo abúlé yóò mọ̀ pé ó purọ́. Bí kò bá tú u, ọsàn rẹ̀ yóò ṣègbé. Ó fara mọ́ kí ọsàn ṣègbé. Awakọ̀ wa ọkọ̀ òfìfo padà.

Aya rẹ̀ dojú apẹ̀rẹ̀ kan dé, ó jókòó lé e. "Ta ni ẹ̀ ń sá fún gan-an?"

"Ìjọba ìbílẹ̀."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọn kò tíì wí nǹkan kan."

"Wọn kò wí nǹkan kan, ẹ sì ti sá dé inú koríko. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá sọ̀rọ̀, ibo lẹ ó gbà?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára ju èébú lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó sọ fún aya rẹ̀ pé bí òun kò bá dé kí oòrùn tó wọ̀, kí ó lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n òun. Ó dé ọ́fíìsì, ó dúró níwájú ọ̀gá, kò sì gbà láti jókòó.

Ó ní, "Mà, mo ti la ọ̀nà náà. N kò dúró dè yín. Èmi náà ni mo so màrìwò síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe awo. Ohun tí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe, mo ti dé."

Obìnrin náà wò ó, ó sì pe ìránṣẹ́ wọlé. "Ẹni tí ò ń wá rè é o."

Ìránṣẹ́ náà ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá? Ẹ ti dá mi lágara. Mo wá, mo bá màrìwò. Mo tún wá, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá pé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi yìí kò tó ohun tí mo lè torí rẹ̀ kú."

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n rán ọ?"

"Ìyọ̀ǹda yín ni. Wọ́n ti fọwọ́ sí i láti ọ̀sẹ̀ tí katakata ti wà ní ilé ìwé. Mo ní kí n tètè gbé e wá kí katakata náà tó lọ."

 Àgbẹ̀ náà jókòó sórí àga tó ti kọ̀ tẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Wọ́n rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Láti ìgbà tó ti la ọ̀nà náà, kò tíì mí kanlẹ̀ bí ó ṣe mí níbẹ̀.

Má rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ọ̀gá sọ fún un pé ìyọ̀ǹda àwọn ní kí ọ̀nà yà kúrò lẹ́bàá odò, tirẹ̀ sì lọ tààrà. Ó gbọ́dọ̀ dí apá ibẹ̀, kí ó sì la ibòmíràn, kí ọkọ̀ kankan tó kọjá. Ó lọ bá baálẹ̀, ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ màrìwò. Baálẹ̀ bá a wí gidigidi níwájú àwọn àgbà, wọ́n sì ní kí ó fúnra rẹ̀ tú u ní ọ̀sán gangan. Ó tú u. Ó lọ bẹ aládùúgbò rẹ̀. Ìyẹn ní, "Mo ti ń rò pé etí ń dùn ọ́ ni," ó sì gbé ọkọ́ wá bá a tún ẹ̀bá odò ṣe. Ọsàn púpọ̀ ti bàjẹ́, kò sí ẹni tó lè dá a padà sórí igi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọlé, ó kó èyí tó kù. Nígbà tó ń jáde, aya àgbẹ̀ náà jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó ká ọwọ́ lé itan, kò ru nǹkan kan.

Ìwọ ni mo ń bá wí. O tọrọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá ní kí o jẹ́ kí òun bá àwọn ẹbí òun sọ ọ́. O kò dúró. O mú ọmọ ọlọ́mọ wọ ilé rẹ. Ohun tí kò dára ni, n kò sì ní fún un ní orúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí ò ń ṣe láti ìgbà náà ti burú ju ìyẹn lọ. Bí o bá rí bàbá yìí lójú títì, o máa ń yà sí ọ̀nà mìíràn. O ti sọ fún àdúgbò pé ìkà ènìyàn ni, kí wọ́n má baà bi ọ́ ìdí tí kì í fi í wọ ilé rẹ. Ó wá, o ní kí aya rẹ sọ pé o kò sí nílé. O sọ ọmọ di òpùrọ́ níwájú bàbá tó bí i.

N kò mọ ohun tí àna rẹ gbé lọ́wọ́ wá. Ìwọ náà kò mọ̀. Ó lè jẹ́ ìbínú. Bí ó bá jẹ́ ìbínú, tìrẹ ni, lọ gbà á, kí o sì pa ẹnu mọ́. Dìde, wẹ̀, kí o lọ lónìí. Má rán alárinà. Dọ̀bálẹ̀ kí o tó sọ̀rọ̀ kankan.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí kí o tó lọ. Nígbà tí ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ, tí ìwọ sì wà nínú yàrá, kò béèrè rẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó béèrè ni pé ṣé ọmọ òun ń jẹun. Aya rẹ ni ó sọ ọ́ fún mi. Obìnrin náà ti wọ aṣọ tán, ó ń dúró dè ọ́ níta.