Bí Òkété Ṣe Mu Íńkì Ìgbéyàwó Ọba

Àlọ́ mi ta pọ́ún, ó bọ́ sórí iṣu sísun. Epo ń kán lára iṣu, Òkété jókòó tì í, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe iṣu rẹ̀ o! Iṣu Erin ni.

Láyé ìgbà náà, gbogbo ilé ẹranko ló ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ má bi mí ibi tí wọ́n ti ń rí iná. Bí íńkì bá tán nínú kátíríìjì, ìyẹn ike kékeré tí ẹ̀rọ ti ń fa íńkì mu, wọ́n á jù ú sódò. Ìgbà tó yá, ẹja tí èèyàn bá là, íńkì ló ń bá nínú rẹ̀. Ni Kìnnìún ọba bá pàṣẹ pé, "Ẹ má ju kátíríìjì nù mọ́! Ẹni tó bá kó òfìfo wá fún Erin, kí Erin fún un ní iṣu sísun."

Erin ni atẹ̀wé ààfin. Á fi ọwọ́jà fa íńkì nínú kẹ́ẹ̀gì, á fọn ọ́n sínú òfìfo, á tò ó sórí pẹpẹ, ó ti di ohun àmúlò nìyẹn.

Òkété gbé ẹyọ kan tó ní lọ, ó gba iṣu, ó jẹ ẹ́ tèèpo tèèpo. Kò ní òmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó kún wà lórí pẹpẹ Erin. Bí Erin bá ti lọ wẹ̀ lódò lọ́sàn-án, Òkété á gbẹ́lẹ̀ wọlé.

"Bí mo bá da íńkì yìí sílẹ̀, wọ́n á rí i," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Ta ló máa wá wo inú mi?"

Ló bá ń mu ún. Ó korò ju ewúro lọ, ṣùgbọ́n iṣu ń bẹ níwájú.

"Bàbá Erin, ẹ kú iṣẹ́ o. Òfìfo mi rèé."

"Òkété, ibo lo ti ń rí wọn?"

"Ilé àwọn àna mi ni, bàbá. Wọ́n mà ń tẹ̀wé o! Bí ewúrẹ́ wọn bá húkọ́, wọ́n á tẹ̀wé."

"Kí ló dé tó o fọwọ́ bo ẹnu?"

"Eyín ló ń dùn mí."

"Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé eyín náà á lè jẹ iṣu?"

"Ẹ ṣáà gbé e wá, bàbá. Iṣu gan-an ni oògùn rẹ̀."

Bí Erin ti ń rọ ọ́ ni Òkété ń fà á gbẹ. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú bí aboyún ìbejì, ó ń dún bí kẹ́ẹ̀gì omi.

Àfi bí Kìnnìún ṣe fẹ́ gbé Àwẹ̀ró ọmọ Ẹkùn níyàwó. Ó ní kí Erin tẹ ìwé ìpè. Erin dé ìdí pẹpẹ, òfìfo ni gbogbo wọn. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó gbẹ. Kìnnìún bú ramúramù: "Bí ìwé yìí ò bá jáde kí oòrùn tó wọ̀, kó ẹrù rẹ kúrò nínú igbó yìí, tìyàwó tọmọ!"

Erin bú sẹ́kún. Omijé rẹ̀ gbé adìẹ mẹ́ta lọ.

Kìnnìún wá kéde pé, "Ẹni tó bá bá wa rí íńkì, abà iṣu kan ni tirẹ̀."

Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín yẹn, tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́, ṣé o ò ní dákẹ́? Òkété ò lè dákẹ́. Ó rò ó pé òun á lọ sẹ́yìn igi, òun á pọ díẹ̀ sínú igbá, òun á ní ọ̀dọ̀ àna lòun ti rí i.

"Kábíyèsí, mo mọ ibi tó wà! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́ iṣu náà wò."

Wọ́n bu iṣu fún un, òun àti ata. Ó bù ú sẹ́nu gbàù. Ata gbà á nímú. "Hàà… hàà… hààtíṣìn!" Íńkì tú yàà sójú ọba, irun orí Kábíyèsí dúdú bí ìdí ìkòkò.

Kìnnìún rọra nujú.

"Erin."

"Kábíyèsí."

"Kí lo pe eléyìí?"

Erin wo Òkété láti orí dé ìdí. "Kátíríìjì ni, Kábíyèsí. Ó sì kún."

"Ẹranko ni mí o!" Òkété figbe ta. "Mo láya nílé!"

Erin ti fi ọwọ́jà gbé e, ó kì í bọnú ẹ̀rọ. Ara wọlé, ìrù ò wọlé tán, ìdajì rẹ̀ yọ síta. Erin tẹ bọ́tìnnì. Kìrì-kìrì-kìrì! Ìwé ń jáde, ó ń dán. Ṣùgbọ́n lábẹ́ orúkọ ìyàwó, ohun tó wà lára gbogbo wọn ni pé: "Ẹ gbà mí o! Torí iṣu ni!" Àwọn àlejò kà á, wọ́n ní bóyá àṣà ibẹ̀ ni, kálukú bá gbé iṣu dání wá. A ò rí irú iṣu bẹ́ẹ̀ rí láyé!

Òkété jábọ́ nínú ẹ̀rọ, ó ti rí pẹlẹbẹ bí ewé. Ó rí iṣu, ó ní òun ń bọ̀ wá jẹ ẹ́.

"Dúró ńbẹ̀!" ni Kìnnìún wí. "Òfin ni òfin. A kì í ju òfìfo nù. Erin, rọ ọ́ kún!"

Erin na ọwọ́jà. Ha! Òkété gbẹ́lẹ̀, ó kó sínú ihò. Ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí tó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gúnyán lókè. Erin ni wọ́n gbé abà iṣu fún.

Ẹni tó bá sọ ikùn rẹ̀ di kẹ́ẹ̀gì, lọ́jọ́ kan, wọ́n á bá a ṣí ìdérí rẹ̀. Ibi tí íńkì àlọ́ mi tán sí nìyẹn. Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ wo ìrù òkété: ìdajì tó wọnú ẹ̀rọ dúdú, ìdajì tó yọ síta funfun títí dòní.