Bí Mo Ṣe Fa Omi Jáde Láti Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ohun tí ojú ara mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ọdẹ́jàre ni orúkọ mi, ará Ìlọ́tìn. Ọdẹ ni baba mi, ọdẹ ni baba tó bí i, èmi náà sì mọ ìbọn yìn kí n tó ní irùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹran igbó di àwátì, mo lọ kọ́ iṣẹ́ pulọ́mbà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Fákúnlé ní ìlú ńlá. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gé páìpù, ọdún mẹ́jọ ni mo fi wọ kòtò tí ejò pàápàá ń sá fún. Nígbà tí ọ̀gá gbàdúrà fún mi tán, mo padà sílé, mo kọ orúkọ mi sára pátákó, mo sì gbé e kọ́ iwájú ìsọ̀ mi.

Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni kò yà sọ́dọ̀ mi. Kí ni pulọ́mbà fẹ́ ṣe ní ìlú tí kò ní omi? Odò wa ti gbẹ bí ọ̀nà ọ̀fun aláàárù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Ìbídùnní aya mi, pẹ̀lú oyún oṣù márùn-ún, ń ru kẹ́ẹ̀gì omi láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú lójú ọ̀nà. Ó délé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọkọ mi, pátákó yín dára o, ṣùgbọ́n a kì í mu pátákó."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi bí ẹ̀gún. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìsun omi ńlá kan wà nínú Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́ lórí òkè, àwọn iwin ló sì ni ín. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká ọ̀tún, mo gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ tòsì, mo wọgbó lọ.

Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ pàdé. Orí rẹ̀ rí rogodo bí ìkòkò aró, apá rẹ̀ gùn bí okùn kànga, ẹnu mẹ́ta sì wà láyà rẹ̀: ọ̀kan ń jẹun, ọ̀kan ń hanrun, ìkẹta ló bá mi sọ̀rọ̀.

"Ọmọ ènìyàn, àwọn tó ṣáájú rẹ fẹ́ fi agbára gba omi. Kí ni ó lágbára ju omi lọ?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, n kò mọ̀ ọ́n. Bí òkè bá dí omi lọ́nà, ẹ̀gbẹ́ òkè ni omi ń gbà. N kò wá bá a jà, ọ̀nà ni mo wá là fún un."

Ẹnu tó ń hanrun jí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọjá.

Mo bá Yèyé Olómi létí ìsun, arúgbó tí irun rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewéko inú odò. Ó ní, "N kò fi omi du yín. Àpáta ìsun mi ló là, omi ń ya wọ ilé àwọn ọmọ mi. Tún un ṣe. Bí ọjọ́ méje bá pé tí kò jò, ẹ máa fa ìyókù lọ sílé. Bí ó bá jò, òkúta ni ìwọ náà yóò dà."

Mo gé ọparun tó tóbi bí itan, mo dá inú rẹ̀ lu, mo fi gba omi kọjá ojú ibi tí àpáta ti là, mo sì fi oje igi dí oríkèé rẹ̀. Iwin kúkúrú kan tó ń jẹ́ Abẹ́lẹ̀jẹ wá lóṣòó tì mí. Ó ní, "Má ṣe é le jù. Dí i kí ó tó oṣù kan péré, wọn yóò máa pè ọ́ padà."

Mo ní, "Bí mo bá dí i fún oṣù kan, oṣù kan náà ni orúkọ mi yóò lò."

Àmọ́ ẹ má yìn mí jù. Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ Ìbídùnní, mo kánjú, mo sì bo oríkèé kan mọ́lẹ̀ láìdán an wò. Lọ́jọ́ kẹfà, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ó tutù. Èmi nìkan ló mọ̀. Ó ku ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí mo bá dákẹ́, ó lè má hàn síta kí ọjọ́ tó pé. Síbẹ̀ mo lọ bá Yèyé.

"Yèyé, ó ń jò. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

Lójú ẹsẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi di òkúta dé orúnkún. Ó tẹjú mọ́ mi. "Kí ló dé tí o kò dákẹ́?"

"Ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn ọmọ yín ni ó ti ń jò. Ilẹ̀ yóò rì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀."

Ó nawọ́ sí àwọn àpáta tó yí ìsun ká. "Oníṣẹ́ mọ́kànlá ló ti ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Gbogbo wọn ló ní iṣẹ́ àwọn kò jò. Àwọn nìyẹn." Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, ó di ẹran padà. "Lọ tú u, kí o tún un dì."

Mo tú u, mo tún un dì, mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ méje mìíràn pé, kò jò. Mo wá fi ọparun fa omi sọ̀kalẹ̀ òkè wá sí àárín ìlú. Nígbà tó bú jáde, Ìbídùnní tẹ́wọ́ sí abẹ́ rẹ̀, ẹkún ló ń sun. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn ènìyàn ti ń wá ìsọ̀ mi wá. Ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì mi kò kúkú padà di ẹran títí dòní. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wá fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá iṣẹ́ tiyín sílẹ̀, ọwọ́ yín yóò mókè o. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣàṣìṣe, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé iṣẹ́ yín ń jò, ẹ tètè lọ sọ fún onílé kí omi tó sọ fún un.