Òkúta Kan Nínú Àpò Òsì

Ọmọ mẹ́ta ni Àwẹ̀ró, opó kan ní abúlé Ìdó-Erin, bí. Lọ́dún tí omi kọ́kọ́ ya wọ abúlé náà, ó gbé méjì lọ. Ó wá ku Ìbídùn, àkọ́bí rẹ̀, nìkan.

Ọba rán Ládùntán, ìránṣẹ́ rẹ̀, pé kó wádìí ibi tí omi gbà wọlé, kí wọ́n lè mọ odi síbẹ̀. Ládùntán kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó gbé àpò méjì kọ́rùn: bí ẹnì kan bá sọ pé odò lomi gbà, Ládùntán yóò sọ òkúta kan sí àpò ọ̀tún, bó bá sọ pé igbó ẹ̀yìn abúlé ni, yóò sọ ọ́ sí àpò òsì. Ṣùgbọ́n ó ní ìlànà kan: kì í bi ẹni tó ń sunkún léèrè. Omijé ti bo onítọ̀hún lójú, kí ló fẹ́ rí?

"Ìyá Ìbídùn, ẹ kú ara fẹ́ra kù," ló sọ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró.

"Bàbá, omi yẹn—"

"Ẹ sunkún yín tẹ́rùn ná."

Àwọn tí ojú wọn gbẹ ló bi, ìyẹn àwọn tí kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Òjèlàdé, tó ti wà nílé àna rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, ló rojọ́ jù.

"Odò ni! Ó ga ju ọ̀pẹ lọ!"

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Kí n wà níbẹ̀ kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

Ládùntán sọ òkúta kan sí àpò ọ̀tún. Nígbà tó ṣetán, àpò ọ̀tún kún, àpò òsì ṣófo. Wọ́n mọ odi gàgàrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Àwẹ̀ró lọ bá àwọn tó ń mọ ọ́ pé ibẹ̀ kọ́ o. Wọ́n ní àpò Ládùntán kì í parọ́.

Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, inú igbó ni omi tún gbà wọlé. Ó fẹ́ ṣàn lọ sínú odò, odi ò jẹ́. Abúlé kún bí ìkòkò. Odi ò sì yẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Omi gbé Ìbídùn lọ.

Ládùntán padà wá pẹ̀lú àpò méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú Àwẹ̀ró gbẹ táútáú.

"Ìyá Ìb..." Ó gbé e mì. "Ìyá, níbo lomi gbà?"

"Inú igbó. Ibẹ̀ náà ló gbà lọ́dún tó kọjá."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ẹ ní kí n sunkún mi tẹ́rùn."

Ládùntán sọ òkúta kan sí àpò òsì. Gbogbo àwọn yòókù ló ń sunkún, kò sí ẹlòmíràn tí yóò bi mọ́.

Ẹnu ọ̀nà obìnrin yìí ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tí wọ́n fi sọ ọ́ dòwe, pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.