Atẹ̀ràwọ̀dó àti Igbá Tó Kún

Oyin kún afárá, oyin wá ilé mìíràn.
Bí èbù bá há sójú ebè kan, ewé ni yóò pọ̀, iṣu kò ní ta.
Àwọn awo tó wo òkè, tó wo ilẹ̀ fún Atẹ̀ràwọ̀dó nìyẹn, ní ọjọ́ tó ń sunkún àìrí ọmọ tuntun lórí ìràwọ̀ Àgùàlà.

Obìnrin ni Atẹ̀ràwọ̀dó. Kì í ṣe akọni o. Bí ewúrẹ́ bá sín lẹ́yìn rẹ̀, á bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n òun ni ọba ilé ayé rán pé kó lọ tẹ Àgùàlà dó, nígbà tí àwọn akọni sá.

Kò sí atẹ́gùn lórí Àgùàlà. Hóró igbá ni wọ́n kó dání láti ilé. Wọ́n gbìn ín, ó hù, ó so igbá kan tó mọ́ gaara bí omi orísun, tó tóbi ju oko lọ. Wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n ń gbé abẹ́ rẹ̀. Èémí tó wà lábẹ́ igbá yẹn ni èémí ìlú. Hóró kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Atẹ̀ràwọ̀dó dì í mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí igbá bá fọ́.

Ọba sì ti ṣèlérí fún un: "Ẹ máa pọ̀ sí i. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé ẹ kún igbá yẹn dẹ́nu, ìwọ ni n ó dé ládé."

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìkókó ń ké láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tó yá, igbe náà dákẹ́. Àwọn obìnrin kò lóyún mọ́. Èyí tó bá lóyún, kì í dúró. Àyìnkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Atẹ̀ràwọ̀dó bí, oyún wálẹ̀ lára rẹ̀, ó tún wálẹ̀.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ṣe ohun tí àwa náà ìbá ṣe. Wọ́n ní èèyàn ló ń bí èèyàn. Wọ́n ránṣẹ́ sílé pé kí ọba fi èèyàn kún wọn. Ọkọ̀ òfurufú já èrò sílẹ̀, wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Bí èrò ṣe ń pọ̀ ni ìkókó ń dín. Fìtílà gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba, bí ẹni tó ń tòògbé.

Ni Atẹ̀ràwọ̀dó bá gba ilé àgbà awo lọ.

Wọ́n ní ire ọmọ ń bọ̀ fún un. Wọ́n ní ṣùgbọ́n kó rúbọ. Obì, ewúrẹ́, àti hóró tó wà ní ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. Kó pín àwọn èèyàn rẹ̀ sí méjì, kí apá kan lọ dó sórí ìràwọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àgùàlà. Kí ẹni tó ti inú rẹ̀ jáde sì ṣáájú wọn.

"Èèyàn ni mo wá tọrọ," ni Atẹ̀ràwọ̀dó wí, "ẹ wá ní kí n kó èèyàn dànù?"

"Ọmọ lo tọrọ," ni awo fèsì. "Èrò lo ń kó jọ."

Ó rú obì, ó rú ewúrẹ́. Ó fọwọ́ bo ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó lọ sílé. Ààbọ̀ ẹbọ nìyẹn.

Kò pẹ́ tí fìtílà ilé Àyìnkẹ́ kú lójú ọ̀sán. Wọ́n tàn án, ó tún kú. Àyìnkẹ́ ti tún lóyún nígbà náà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè.

"Ìyá mi, èyí náà fẹ́ lọ."

Atẹ̀ràwọ̀dó wo fìtílà. Epo wà nínú rẹ̀. Òwú wà. Èémí ni kò sí. Igbá ti kún, ọmọ tuntun kò ráyè mí. Ó tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀.

Ọkọ̀ àtijọ́ tó gbé wọn dé ni wọ́n tún ṣe. Wọ́n rọ èémí sínú akèrègbè, ìwọ̀nba tí wọn yóò fi mí títí igbá tuntun yóò fi so. Bí kò bá tètè so, gbogbo wọn á kú síbẹ̀. Atẹ̀ràwọ̀dó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìlàrí ọba, ìránṣẹ́ tó bá ọkọ̀ èrò wá, wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ wọn. Ọbakìígbàgbé lorúkọ rẹ̀. Ó dúró gàdàgbà sójú ọ̀nà.

"Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, ẹ̀yin òkú tó ń rìn! Ìyá, adé kù díẹ̀ kó dé orí yín, ẹ wá ń gbé orí sá? Bí ẹnì kan bá jáde, ọkọ̀ ọba kò ní wá síbí mọ́. Iyọ̀ tó ń kó wá fún yín tán nìyẹn!"

Atẹ̀ràwọ̀dó na ọwọ́ rẹ̀ sí i.

"Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Wo ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kọ́ ló dí ọ̀nà, ìwọ ni. Yà."

"Kí ni kí n wí fún Kábíyèsí nípa adé?"

"Kí wọ́n fi dé fìtílà tó kú yẹn. Bó bá tàn, kí wọ́n wá pè mí."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìlàrí yà. Atẹ̀ràwọ̀dó fi hóró sí Àyìnkẹ́ lọ́wọ́.

"Ọjọ́ tí ọmọ bá ké, dáná ńlá, kí n rí i."

Àyìnkẹ́ àti ìdajì ìlú wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Lóòótọ́, ọkọ̀ ọba kò wá mọ́. Wọ́n jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Wọ́n ń kùn pé ìyá Àyìnkẹ́ ti fi ọmọ rẹ̀ fún òkùnkùn. Atẹ̀ràwọ̀dó gbójú sókè. Ó ń wo ìràwọ̀ kékeré láti abẹ́ igbá. Kò rí nǹkan kan. Ó tún wò. Ṣùgbọ́n fìtílà ilé gbogbo ti nàró.

Ọjọ́ ń lọ. Àfi bí iná ṣe yọ lọ́hùn-ún, tín-ń-rín, tó wá ń ràn. Atẹ̀ràwọ̀dó fi orí kanlẹ̀, ó ké. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan lábẹ́ igbá Àgùàlà lóyún, oyún sì dúró. Òmíràn tẹ̀ lé e. Igbá Àyìnkẹ́ náà so hóró wọ̀ǹtì-wọnti.

Ìròyìn dé ààfin. Ọbakìígbàgbé padà wá, adé lọ́wọ́. Ó ní Kábíyèsí ní kí Àyìnkẹ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ padà sábẹ́ igbá kan, kí ìyá rẹ̀ wá gbadé.

Atẹ̀ràwọ̀dó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí ọkọ̀. Ó ní, "Ṣé iyọ̀ wà nínú ọkọ̀ yín?"

"Ó wà, ìyá."

"Sọ iyọ̀ kalẹ̀. Gbé adé padà."

Ó rú ààbọ̀ ẹbọ, fìtílà kú.
Ó rú u tán, ìkókó ké nílé, ó ké lóko.
Ẹni tó gbọ́ràn sí awo lẹ́nu, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ń gbọ̀n, ire ni yóò bá a níbi tó dúró sí.