Ewé Tó Yọ Ife Méjì

Ọkùnrin kan wà tó ń tọ́jú ewéko kan nínú ìkòkò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ṣóńṣó ewé rẹ̀ a máa di ife kékeré tó ní ìdérí, omi a sì wà nínú rẹ̀. Eṣinṣin tó bá yọ̀ wọ inú ife náà kì í jáde mọ́. Ohun tí ewéko náà ń jẹ nìyẹn.

Ní ọdún kẹta, ewé kan yọ ife méjì. Èyí tó tẹ̀lé e yọ ife tí kò ní ìdérí. Oṣù yẹn gan-an ni ìyá ìyàwó rẹ̀ wá bá wọn gbé. Ọkàn ọkùnrin náà kò balẹ̀ mọ́. Ó ta òwú tín-ín-rín yí ìkòkò náà ká, kó lè mọ̀ bí ìyá bá fọwọ́ kàn án, ó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó dé, òwú ti já. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ oúnjẹ tí ìyá bá sè mọ́. Ó ní inú ń run òun.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó bá ìyá nídìí ewéko náà, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń bù sí i?"

"Omi òjò ni, Bàbá Fọlárìn. Mo rí i pé ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ."

"Ẹ̀yin lẹ ba ewéko mi jẹ́! Kí lẹ tún fẹ́ bàjẹ́ nínú ilé yìí?"

Ìyá gbé abọ́ kalẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di ẹrù rẹ̀. Ẹkún ni ìyàwó fi sìn ín dé ibùdókọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkùnrin náà gbé ìkòkò lọ bá obìnrin tó tà á fún un, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ rẹ̀. Obìnrin náà yẹ ewé náà wò.

"Wọ́n máa ń hù báyìí nígbà mìíràn. Inú ara rẹ̀ ló ti wá, ẹnikẹ́ni kọ́ ló ṣe é. Omi òjò gan-an ló sì fẹ́."

Ọkùnrin náà lọ bá ìyá ní abúlé, ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá fà á dìde, ó fún un lómi mu.

"Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ibí ni mo máa wà."

Ìwọ tó jókòó síwájú mi yìí, o ní ọmọbìnrin rẹ kò tíì sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, o sì ti ń wo ìyàwó àbúrò rẹ tìfura-tìfura, nítorí pé òun ló máa ń bá ọ tọ́jú rẹ̀. Kí lo rí tó ṣe? O kò rí nǹkan kan. Gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ọmọdé, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́ ná. Bí o bá ti dárúkọ obìnrin yẹn tán, tí a wá rí i pé bí ọmọ náà ṣe wá sáyé nìyẹn, ta ni yóò tún bá ọ gbé e?