Ìdí tí Ajá Fi Ń Wo Ọwọ́ Ẹni tó Pè É

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko àti ènìyàn ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, a kì í pe ajá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ń wá ajá rẹ̀ lè jókòó sínú yàrá, kó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, kó pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kó tó pa ẹnu dé, ajá ti dé. Ajá kì í wo ojú, kì í wo ọwọ́. Ó ti gbọ́ ohùn, ó parí.

Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé ajá kọ̀ọ̀kan ló ní oríkì tirẹ̀. Oríkì yìí ni ọdẹ fi ń pe ajá rẹ̀ nínú igbó, ohun rere ló sì máa ń tẹ̀lé e: ègé ẹran, tàbí kí a fi ọwọ́ pa á lórí. Bí ajá bá ṣẹ̀, ẹni tó ni ín á dìde, á rìn lọ bá a níbi tó wà, á sì bá a wí níbẹ̀. Èèwọ̀ ọdẹ ni: a kì í fi oríkì pe ajá wá jẹ pàṣán.

Ọdẹ kan wà ní abúlé kan létí ọ̀dàn. Ọdẹ́rìndé ni orúkọ rẹ̀. Ó ga, ó máa ń tijú, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní abo ajá kan tó ń jẹ́ Sùúrù. Sùúrù ti darúgbó. Nígbà tó bímọ kẹ́yìn, ọ̀kan ṣoṣo ló yè nínú àwọn ọmọ náà. Ọdẹ́rìndé sọ ọ́ ní Bámirìn.

“Baba ọdẹ,” Sùúrù wí, “èyí nìkan ló kù mí kù. Ẹsẹ̀ mi ò gbé igbó mọ́. Ẹ bá mi kọ́ ọ dáadáa.”

“Mo gbọ́, ìyá arúgbó. Bó bá gbọ́n bíi tìrẹ, a ó jẹ ẹran yó.”

“Bó bá wá gọ̀ bíi ti bàbá rẹ̀ ńkọ́?”

Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín. Ó fi okùn ìko so ọmọ ajá náà lọ́rùn, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Okùn àkọ́kọ́ kúrú. Nígbà tó yá, ó fi èyí tó gùn rọ́pò rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọmọ ajá máa wọ́ ọ nílẹ̀ kiri àgbàlá. Bí Bámirìn bá ti gbàgbé ara rẹ̀ sídìí tata kan, Ọdẹ́rìndé á ké oríkì rẹ̀:

“Bámirìn, ọmọ Sùúrù,
Ẹlẹ́sẹ̀ ìrì tí í kọjá tí koríko ò mọ̀,
Elétí bí ewé kókò,
Bá mi rìn, má bá ẹlòmíràn rìn.”

Bámirìn á fi tata sílẹ̀, á sáré dé, á gba ẹran gbígbẹ lẹ́nu ìka ọ̀gá rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é, nínú ilé, lẹ́yìn ilé, lójú ọ̀nà odò.

Àparò máa ń wò wọ́n láti inú koríko. Lọ́jọ́ kan, ó na ọrùn jáde.

“Ẹ wá wo ẹrú! Ẹrú tó ń wọ́ okùn rẹ̀ kiri!”

“Èmi kì í ṣe ẹrú,” Bámirìn dáhùn. “Wọ́n ń kọ́ mi ni.”

“Wọ́n ń kọ́ ọ ní kí ni? Okùn jíjẹ?”

“Wọ́n ń kọ́ mi ní bíbọ̀.”

Àparò rẹ́rìn-ín títí ìyẹ́ rẹ̀ fi gbọ̀n. “Bíbọ̀! Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹsẹ̀ tó gbé ẹ lọ náà kọ́ ló máa gbé ẹ bọ̀?”

“Lílọ lẹsẹ̀ mọ̀,” Bámirìn wí. “Ọkàn ló ń mọ bíbọ̀. Ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Àparò na ìyẹ́ rẹ̀. Ó fò lọ.

Nígbà tí àkókò tó, Ọdẹ́rìndé mú ọmọ ajá náà lọ sí ẹ̀bá ọ̀dàn, ó sì tú okùn lọ́rùn rẹ̀. Bámirìn dúró. Kò mọ̀ pé òun lè lọ.

“Máa lọ,” ọ̀gá rẹ̀ wí.

Ha! Bámirìn sáré. Ó yí ọ̀dàn po, ó yí gbirigbiri nínú koríko, ó dìde, ó tún sáré títí ó fi kéré lójú bí ẹyẹ. Àyà Ọdẹ́rìndé já. Ó ké oríkì. Ọmọ ajá náà yí padà lójú ẹsẹ̀, ó sáré bọ̀ débi pé kò lè dúró mọ́, ó ṣubú lu ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ọdẹ́rìndé gbé e, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ní àkókò yìí, Ọdẹ́rìndé ń fẹ́ ìyàwó. Àwẹ̀ró ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Bàbá rẹ̀ ni Bàbá Oyèéníran, àgbẹ̀ tó ń tọ́jú adìẹ rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ẹyin ojú. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tó bá ń fẹ́ ìyàwó gbọ́dọ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀. Ọdẹ́rìndé kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n lọ fi koríko tuntun bo ilé Bàbá Oyèéníran. Bámirìn bá wọn lọ, kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin ṣì wà lórí ilé nígbà tí adìẹ kan ké lẹ́yìn ilé, tó sì dákẹ́.

Bàbá Oyèéníran jáde. “Ọdẹ, sọ̀kalẹ̀ wá. Adìẹ mi tó ń sàba ni ajá rẹ pa yìí. Ṣé ìwọ lo ni ajá ni, àbí ajá ló ni ọ́?”

Ọdẹ́rìndé sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, Bàbá.”

“Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ojú mi ni kó o ti nà án. Ẹni tí a ṣẹ̀ ló yẹ kó rí i.”

Bámirìn wà lábẹ́ igi ayùnrẹ́ ní ìkángun àgbàlá, ó gbé adìẹ náà há ẹnu, ó ń jùrù. Ó rò pé ọdẹ ni òun ṣe.

Ọdẹ́rìndé mọ ohun tó yẹ. Ó yẹ kó rìn lọ bá a. Ṣùgbọ́n bó ti gbé ẹsẹ̀ kan, ọmọ ajá náà fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rò pé eré ni. Àwọn tó wà lórí ilé bú sẹ́rìn-ín.

“Lé e! Lé e, ọkọ ìyàwó!”

“Ẹni tí ajá ò gbọ́ tiẹ̀, ṣé ìyàwó ló máa gbọ́ tiẹ̀?”

Ìtìjú bo Ọdẹ́rìndé mọ́lẹ̀. Ó wo àna rẹ̀, ó wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ó gba pàṣán lọ́wọ́ àna rẹ̀, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn, ó sì la ẹnu, ó fi ohùn dídùn ké e: “Bámirìn, ọmọ Sùúrù, ẹlẹ́sẹ̀ ìrì…”

Kò tíì parí rẹ̀ tí Bámirìn fi dé. Ó gbé adìẹ náà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó jókòó, ó na orí sókè kí wọ́n lè fi ọwọ́ pa á.

Pàṣán ló bà á lórí.

Ó ké. Ọdẹ́rìndé dì í mú lọ́rùn, ó nà án títí Àwẹ̀ró fi sáré jáde láti ìdí ààrò.

“Ó tó! Ẹ jọ̀ọ́, ó tó! Ṣebí oríkì ni ẹ fi pè é!”

“Ọmọ yìí, wọlé,” bàbá rẹ̀ wí. Ó yíjú sí Ọdẹ́rìndé. “Ó dára. Inú mi ti rọ̀.”

Lójú ọ̀nà ilé, Bámirìn rìn lẹ́yìn, kò rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó béèrè.

“Baba, ṣé èmi lẹ pè nínú àgbàlá yẹn?”

“Ìwọ ni.”

“Ṣé oríkì mi ni mo gbọ́?”

Ọdẹ́rìndé tẹsẹ̀ mọ́rìn.

Ní ọjọ́ kejì, ó gé ẹran tó tóbi, ó ké oríkì nínú àgbàlá. Bámirìn wá, ó gba ẹran. Ọkàn ọdẹ balẹ̀. Ó ní, “Ó ti gbàgbé.”

Ṣùgbọ́n Sùúrù ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti rí i pé ọmọ òun kò sáré mọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn mú, ọyẹ́ mú kí koríko gbẹ. Ó di ọjọ́ tí gbogbo abúlé máa ń dáná sun ọ̀dàn kí wọ́n lè pa ọ̀yà. Ọdẹ́rìndé ń múra, Sùúrù sì tọ̀ ọ́ wá.

“Baba ọdẹ, ẹ fi okùn mú ọmọ mi lọ.”

“Okùn kẹ̀? Níwájú Bàbá Oyèéníran? Wọ́n á ní mo tún padà sí ọjọ́ àkọ́kọ́.”

“Ẹ padà sí i. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Okùn kúkúrú, kí ó tó di gígùn, bí ẹ ti ṣe é tẹ́lẹ̀.”

“Ṣebí ó ń wá tí mo bá pè é?”

“Inú ilé ló ti ń wá, níbi tí kò sí ohun tó ń lé e. Ẹ ò tíì mọ ibi tí ẹ̀rù rẹ̀ fara pamọ́ sí.”

“Tí a bá ṣe ìyàwó tán, màá tún un kọ́,” Ọdẹ́rìndé wí. Ó jáde lọ, Bámirìn tẹ̀ lé e, ọrùn rẹ̀ lásán.

Wọ́n ti iná bọ ọ̀dàn lápá kan, àwọn ọdẹ dúró lápá kejì. Olúkúlùkù mú ẹ̀ka igi tútù lọ́wọ́, tí yóò fi máa pa iná tó bá fẹ́ kọjá ààyè. Ọ̀yà ńlá kan bẹ́ jáde, ó rí ènìyàn, ó tún yí padà wọ inú koríko. Bámirìn gbá tẹ̀ lé e.

Nígbà náà ni afẹ́fẹ́ yí. Iná tó ń rìn jẹ́jẹ́ dìde dúró, ó ń bú bí odò tó kún.

“Ajá mi!” Ọdẹ́rìndé kígbe. Ó sáré síwájú, ó ń fi ẹ̀ka igi lu iná, ó ń ké oríkì: “Bámirìn! Ọmọ Sùúrù! Ẹlẹ́sẹ̀ ìrì! Bá mi rìn!”

Ọmọ ajá náà gbọ́. Ó bẹ́ jáde níbi tí iná kò tíì dé, ó ń sáré bọ̀, ọ̀nà ṣì là gedegbe níwájú rẹ̀.

Ó wá rí ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó rí igi tí ọwọ́ náà gbé sókè.

Bámirìn dúró. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tẹ́tí sí ohùn náà, ojú rẹ̀ sì wà lára ọwọ́ náà. Ohùn yìí ti fún un ní ẹran rí. Ohùn yìí kan náà ti nà án rí.

Gbogbo rẹ̀ yé Ọdẹ́rìndé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ju ẹ̀ka igi nù, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná, ó la ọwọ́ méjèèjì.

“Wò ó! Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi! Ọmọ mi, máa bọ̀!”

Bámirìn gbé ẹsẹ̀. Èéfín sì wó lulẹ̀ sáàárín wọn, iná tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ilẹ̀ tutù, wọ́n rí òkú rẹ̀. Ọdẹ́rìndé bọ́ gbérí, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, ó fi wé e. Bàbá Oyèéníran dúró tì í. Ó ní, “Adìẹ ni. Adìẹ lásán.”

Sùúrù ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi imú kan aṣọ náà.

“Ṣé ẹ pè é?”

“Mo pè é.”

“Ṣé ó gbọ́?”

“Ó gbọ́.”

“Kí ló wá dá a dúró?”

Ọdẹ́rìndé kò lè purọ́ fún un. “Ọwọ́ mi ni,” ó wí. “Ọwọ́ mi ló ń wò.”

Sùúrù dùbúlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀.

Gbogbo ajá abúlé wá kí i. Inú ń bí wọn. Wọ́n ní kí àwọn fi ènìyàn sílẹ̀, kí àwọn lọ bá ìkookò gbé inú igbó.

“Rárá,” Sùúrù wí. “Ọwọ́ tó nà án náà ló fún un lóúnjẹ. Mo sì rí ojú ọkùnrin yẹn nígbà tó gbé e wọlé. Tí wọ́n bá pè yín, ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ẹ gbọ́ ohùn, kí ẹ wo ọwọ́. Tí ọwọ́ bá ṣófo, ẹ máa bọ̀.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọdẹ́rìndé pe Sùúrù wá jẹun. Ajá arúgbó náà dìde. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì wo ọwọ́ rẹ̀. Ọdẹ́rìndé rí i, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò tún un pè. Ó lóṣòó, ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń retí rẹ̀.

Ó pẹ́. Sùúrù wá.

Láti ọjọ́ náà ni ajá, bí a bá pè é, ti máa ń dúró lọ́nà, tí yóò gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí yóò wo ọwọ́ ẹni. Àwọn kan á ní olóríkunkun ni. Ẹni tó bá mọ̀ kì í bínú. Á lóṣòó, á la ọwọ́, kò sì ní kánjú.